Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran: Àyẹ̀wò Ipò Blossom Nínú Eré Sinimá "The Hasty Heart"

Ẹni tí ó bá dé ìlú Èsìẹ́ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí ó sì wọ inú ilé tí wọ́n kó àwọn ère òkúta ibẹ̀ sí, ìdákẹ́jẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Àwọn ère náà lé ní 1,000. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà nínú wọn. Òmíràn jókòó sórí àpótí, òmíràn di idà mú, òmíràn mú ohun èlò orin dání. Àwọn àgbà ìlú a máa sọ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni wọ́n nígbà kan rí, pé àlejò ni wọ́n, kí wọ́n tó di òkúta. Ní ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, òyìnbó alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́, ròyìn wọn fún àwọn ará òde. Ní ọdún 1945 ni a ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibẹ̀, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn àti ibi tí wọ́n ti wá. Àwọn ère náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ilà tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn àti irun tí wọ́n dì sí orí, kò ní sọ pé wọn kò ní ohun tí wọ́n ń wí. Ìdákẹ́ yàtọ̀ sí òfìfo.

Irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn eré sinimá kan tí ó ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́kún ní ayé. "The Hasty Heart" ni orúkọ eré náà. Vincent Sherman ni ó darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 1949. John Patrick, ará Amẹ́ríkà kan tí ó bá àwọn ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ó kọ́kọ́ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí eré orí ìtàgé. Adúláwọ̀ kan wà láàrin àwọn aláìsàn inú rẹ̀, Blossom ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó ṣe Blossom ni Orlando Martins, ọmọ bíbí Èkó, tí a bí ní ọdún 1899. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹkún tí eré yìí ń pa ènìyàn kì í ṣe ẹkún èké. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó ń sun ún nu ojú rẹ̀ díẹ̀, kí ó lè rí ohun tí a fi ra omijé náà, àti ẹni tí ó san owó rẹ̀.

ÌTÀN INÚ ERÉ NÁÀ

Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Bọ́mà ni eré náà ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ogun ń lọ sí òpin. Àwọn aláìsàn tí ó wà ní wọ́ọ̀dù kan ti di ọ̀rẹ́ ara wọn: ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Yank, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará Ọsirélíà, ará New Zealand, àti Blossom tí í ṣe ẹ̀yà Basuto láti ìhà gúúsù Áfíríkà. Ronald Reagan, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, ni ó ṣe Yank; Patricia Neal ni ó ṣe nọ́ọ̀sì wọn. Ní ọjọ́ kan, oníṣègùn àgbà wá sọ fún wọn pé a ń gbé ọmọ ogun Scotland kan bọ̀ wá bá wọn. Lachie ni orúkọ rẹ̀. Richard Todd ni ó ṣe é. Ogun ti ba kíndìnrín rẹ̀ kan jẹ́, wọ́n ti yọ ọ́. Èyí tí ó kù kò sì lágbára tó láti gbé e ró. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí yóò fi kú. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Oníṣègùn bẹ àwọn tí ó wà ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n bá a ṣọ̀rẹ́ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé.

Ọ̀rẹ́ náà kò rọrùn láti ṣe. Agbéraga ni Lachie. Tálákà ni, ayé sì ti kọ́ ọ pé ẹni tí ó bá fún ni ní ǹkan lónìí yóò wá gbèsè rẹ̀ ní ọ̀la. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe òun lóore tí òun kò ní lè san. Àwọn ọ̀rẹ́ náà kò dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n fún un ní yẹ̀rì aláràbarà tí àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Scotland ń wọ̀. Ọkàn rẹ̀ yọ́. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò dúró mọ́, ó sì fẹ́ràn nọ́ọ̀sì náà dé ibi pé ó fẹ́ kí ó di aya òun.

Lẹ́yìn èyí ni àṣírí tú. Wọ́n sọ fún Lachie pé yóò kú, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú òun. Ohun tí ó pè ní ìfẹ́ wá dàbí ìtọrẹ fún alágbe ní ojú rẹ̀. Ó dìde láti lọ kú ní òun nìkan. Bí ó ti ń múra àtilọ, Blossom mú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan wá fún un. Lachie kọ̀ ọ́. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé e: Blossom kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí bí ó ṣe lè gbọ́ ohun tí oníṣègùn sọ. Nítorí náà ẹ̀bùn tirẹ̀ kò lè jẹ́ ti àánú. Ìgbéraga Lachie fọ́ bí ìkòkò. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró, nítorí òun kò fẹ́ dá nìkan kú.

ẸKÚN ÀTI OHUN TÍ A FI RÀ Á

Ikú kọ́ ni ó ń fa omijé níbí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré náà ni ikú Lachie ti dájú, olùwòran sì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ẹni tí yóò kú. Ìbéèrè mìíràn ni òǹkọ̀wé gbé sí ọkàn olùwòran: ṣé ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní sí Lachie, tàbí àánú? Ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ àánú a máa wo ilẹ̀ jẹun. Ẹni tí ó ń jẹ oúnjẹ ìfẹ́ a máa wo ojú ẹni tí ó gbé e fún un. Ojú ilẹ̀ ni Lachie ti ń wò láti ọmọdé. Ohun tí olùwòran ń retí ni pé kí ó gbé ojú rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kú.

Ta ni yóò wá jẹ́rìí fún un pé ìfẹ́ ni? Gbogbo àwọn tí ó wà ní wọ́ọ̀dù ni ẹ̀rí wọn ti bàjẹ́, nítorí pé gbogbo wọn ni ó gbọ́ ọ̀rọ̀ oníṣègùn. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rí tirẹ̀ ṣì mọ́, ẹni tí kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ náà. Bí a bá fi ojú ọnà wò ó, ọgbọ́n ńlá ni. Òǹkọ̀wé ti gbé Blossom sí igun wọ́ọ̀dù láti ìbẹ̀rẹ̀, olùwòran sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ní ìgbà tí ọ̀nà gbogbo ti dí, òun ni ó yọ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ní ọwọ́. Ìyàlẹ́nu ìdí ọ̀rọ̀ náà ni ó ń já olùwòran ní àyà, tí omi fi ń bọ́ ní ojú rẹ̀ kí ó tó ráyè rò ó wò.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi yẹ kí a rò ó wò lẹ́yìn náà. Kí ẹ̀rí Blossom lè mọ́, kò gbọdọ̀ mọ ohunkóhun. Òǹkọ̀wé ì bá ti lo adití; ì bá ti lo aláìsàn kan tí ó dé lẹ́yìn tí oníṣègùn ti sọ̀rọ̀ tán. Adúláwọ̀ ni ó lò. Eré náà gbára lé e pé olùwòran ìgbà náà ní London àti ní New York yóò gbà láìjanpata pé adúláwọ̀ kan lè sùn kí ó sì jí ní tòsí ẹni tí ó ń kú lọ, kí ó máa bá a jẹun ní wọ́ọ̀dù kan náà, kí ó má sì fura.

Ṣé etí nìkan ni ènìyàn fi ń gbọ́ ìròyìn ikú? Bí a bá mú ìyá àgbà kan láti abúlé kan ní ẹ̀bá Òmù-Àrán, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, tí a fi sí wọ́ọ̀dù yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò ti mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì tí ń yẹra fún ojú aláìsàn yóò sọ fún un. Ohùn àwọn ọkùnrin tí ó ń rẹlẹ̀ nígbà tí ẹnì kan bá wọlé yóò sọ fún un, ẹ̀rín tí ó pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń rín lọ yóò sì sọ fún un pẹ̀lú. Èdè ni gbogbo ìwọ̀nyí, kò sì sí ẹ̀yà kan ní ayé tí kò gbọ́ ọ. Àìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni òǹkọ̀wé fún Blossom, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ni ó lò ó fún. Òun àti olùwòran rẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì.

Bí Blossom bá ti mọ̀, ẹ̀rí tí eré náà gbé ara lé yóò wó lulẹ̀. Òtítọ́ mìíràn ni yóò sì dìde ní ipò rẹ̀, èyí tí ó jinlẹ̀ ju ti òǹkọ̀wé lọ. Ọkùnrin kan mọ̀ pé ọmọkùnrin agbéraga yìí ń kú lọ, kò sì ní èdè tí ó lè fi bá a sọ ọ́. Ó mú ìlẹ̀kẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Àánú wà nínú ẹ̀bùn náà, ìfẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan kò ba èkejì jẹ́. Ohun tí ó yẹ kí Lachie kọ́ kí ó tó kú gan-an nìyẹn, pé ẹni tí ó káàánú ẹni lè jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ràn ẹni. Eré náà kò kọ́ ọ ní èyí. Ó fi ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà, ó sì wá ẹnì kan tí kò mọ ohunkóhun láti fi tù ú nínú.

BỌ́MÀ GẸ́GẸ́ BÍ ÌTÀN

Àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n lọ sí Bọ́mà kì í ṣe ẹni tí kò ní ohun tí wọn yóò sọ. Láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni a ti kó ìpín ogun 81 àti ìpín ogun 82 jọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀. Ó di sójà ní ọdún 1942, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, ó sì wà pẹ̀lú àwọn tí ń tọ́jú àwọn tí ogun ṣá lọ́gbẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáàn kọlù wọ́n ní ẹ̀bá odò Kaladan. Ìbọn ba Fadoyebo ní itan àti ní ikùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fi ara pamọ́ sínú igbó, àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman sì ń bọ́ wọn, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Fadoyebo kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. A tẹ ìwé rẹ̀, "A Stroke of Unbelievable Luck", jáde ní ọdún 1999. Ó kú ní ọdún 2012.

Ìtàn yìí ṣe eré náà ní oore kan, ó sì bá a wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣe é ní oore, nítorí ó fi hàn pé olóore àti ẹni tí ó ṣe lóore lè jẹ́ àjèjì sí ara wọn ní èdè àti ní ẹ̀sìn, kí oore náà sì jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé. Oúnjẹ tí Shuyiman gbé wọ inú igbó jẹ́ arákùnrin ìlẹ̀kẹ̀ Blossom. Ẹni tí ó bá sọ pé irọ́ lásán ni ẹ̀bùn inú eré náà kò tíì mọ ohun tí ogun máa ń ṣí sílẹ̀ nínú ènìyàn.

Ìbáwí rẹ̀ wà nínú ohun tí ẹni tí ó gba oore ṣe lẹ́yìn náà. Fadoyebo dárúkọ olóore rẹ̀. Ó sọ ibi tí ó ń gbé àti ewu tí ó wà ní orí rẹ̀, nítorí bí àwọn ọmọ ogun Jàpáàn bá mọ̀, ìdájọ́ ikú ni. Nínú "The Hasty Heart", ẹni tí ó gba ẹ̀bùn ni ó ni ìtàn. Ẹni tí ó fi fún un kò ní ilé, kò ní òbí, kò ní ọ̀nà tí ó gbà dé Bọ́mà. Òtítọ́ ni pé ìnagijẹ ni Yank pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni Kiwi àti Digger. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ wọn mọ ilẹ̀ tí ẹni náà ti wá. Blossom túmọ̀ sí òdòdó. Ta ni ó lè fi òdòdó mọ ilé ènìyàn? Yorùbá ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí a kò fún ní orúkọ, ibi tí ó wu ẹlòmíràn ni yóò darí rẹ̀ sí.

ERÉ AMÚNISUNKÚN KAN LÁTI AMẸ́RÍKÀ

Blossom kọ́ ni ó kọ́kọ́ wà ní irú ipò yìí. Ní ọdún 1934, John Stahl darí "Imitation of Life", níbi tí Louise Beavers ti ṣe Delilah, ìránṣẹ́ adúláwọ̀ tí àkàrà òyìnbó rẹ̀ sọ ìyá ilé rẹ̀ aláwọ̀ funfun di olówó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún un ní 20 nínú 100 èrè òwò náà, kò gbà á. Ohun tí ó fẹ́ ni kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá wọn gbé. Ẹ̀bùn láìgba ohunkóhun padà, àìmọ iye ohun tí ó fi sílẹ̀: ìbátan Blossom ni Delilah.

Ní ọdún 1959, Douglas Sirk tún eré kan náà ṣe. Juanita Moore ni ó ṣe ìránṣẹ́ náà, Annie ni orúkọ rẹ̀ ní ọ̀tẹ̀ yìí. Ìsìnkú Annie, àti bí ọmọ rẹ̀ tí ó ti sẹ́ ẹ nítorí àwọ̀ ṣe sáré la àárín èrò dé ibi pósí, ń pa olùwòran lẹ́kún bí ìlẹ̀kẹ̀ Blossom ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n eré ti 1959 ṣe ohun kan tí "The Hasty Heart" kò ṣe. Ìyá ilé náà ya ẹnu nígbà tí ó gbọ́ pé Annie ní ọ̀rẹ́ púpọ̀, Annie sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn pé kò béèrè rí. Nínú gbólóhùn kékeré yẹn ni adúláwọ̀ ti tọ́ka sí àìmọ̀ aláwọ̀ funfun. Olùwòran tí ó bá sunkún ní ìsìnkú rẹ̀ mọ̀ pé òun náà kò béèrè. Omijé rẹ̀ di ẹ̀rí tí ó jẹ́ lòdì sí ara rẹ̀, irú omijé yìí sì máa ń fọ ojú.

ORLANDO MARTINS NÍNÚ AṢỌ BLOSSOM

Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé nìkan ni a ti ń sọ. Ó ku ti òṣèré. Orlando Martins kúrò ní Èkó nígbà èwe rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó tẹ̀dó sí London, ó ru ẹrù ní ọjà, ó ja ìjàkadì fún owó, kí ó tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ìtàgé àti nínú sinimá. Àwọn ipò tí ó ṣí sílẹ̀ fún adúláwọ̀ nígbà náà kò pọ̀. Ó wà nínú "Sanders of the River" ní ọdún 1935, eré tí ó yin àjẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ní etí odò ní Nàìjíríà, tí Paul Robeson tí ó jẹ́ ọ̀gá òṣèré inú rẹ̀ sì kábàámọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú "Men of Two Worlds", tí ó jáde ní ọdún 1946, òun ni ó ṣe Magole, adáhunṣe tí ń fi ẹ̀rù pa ènìyàn. Ẹgbẹ́ WASU, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá sílẹ̀ ní London ní ọdún 1925, fi ẹ̀hónú hàn sí eré náà.

Ní ọdún 1945 ni ó kọ́kọ́ ṣe Blossom lórí ìtàgé ní London, ọdún mẹ́rin kí sinimá náà tó jáde. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Eré yìí kò lo ohùn náà. Ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ó sì fi wọ́n ṣiṣẹ́. Kò ṣe Blossom bí ọmọdé, kò sì ṣe é bí aláwàdà. Nígbà tí ó na ìlẹ̀kẹ̀ náà, àgbàlagbà tí ó mọ iye ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó nà án. Ẹni tí ó bá fi ojú sí ara rẹ̀, tí ó gbójú fo Lachie fún ìṣẹ́jú kan, yóò máa ṣiyèméjì bóyá ọkùnrin yìí kò mọ̀ lóòótọ́.

Àwọn ará Ìgbómìnà ní ìmọ̀ tí ó lè ran òǹwòran irú èyí lọ́wọ́. Bí egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ bá ń jó, aṣọ aláràbarà rẹ̀ ni ojú àlejò ń wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ojú onílé ń wò. Ẹlòmíràn lè rán aṣọ fún egúngún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè bá a jó ijó inú rẹ̀. Òyìnbó ni ó rán aṣọ Blossom, ó há fún ẹni tí wọ́n fi wọ̀. Martins ni ó jó nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá da aṣọ náà nù pẹ̀lú ijó inú rẹ̀ ti ṣẹ̀ sí ọmọ Èkó náà lẹ́ẹ̀kejì. Martins padà sí Nàìjíríà nígbà tí ó yá, ó sì wà nínú "Kongi's Harvest", sinimá tí a ṣe ní ọdún 1970 láti inú eré Wole Soyinka. Ní Èkó ni ó kú sí ní ọdún 1985.

ÌDÁJỌ́ TÍ Ó DỌ́GBA

Ẹnì kan lè wí pé Yorùbá náà máa ń fi àjèjì ṣe eré. Òtítọ́ ni. Ní ọdún 1826, nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n ṣe eré egúngún fún un ní iwájú Aláàfin. Ọ̀kan nínú idán tí ó jáde ni òyìnbó: ó funfun báláú, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún ní ẹsẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Idán Tápà àti idán Òyìnbó wà nínú eré àwọn egúngún alárìnjò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi í ríran, kan onílé pẹ̀lú nígbà tí ó bá ń wo àlejò.

Ohun tí ó ya eré méjèèjì nípa ni èyí: Clapperton ní gègé. Ohun tí a mọ̀ nípa ọjọ́ náà, inú ìwé tirẹ̀ ni a ti kà á. Ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà ní ọ̀sán ráyè kọ èsì ní alẹ́, ó sì ní àwọn tí yóò kà á. Blossom kò ní gègé, àwọn ènìyàn tí wọ́n fi í ṣe àpẹẹrẹ kò sì ní ilé sinimá tiwọn ní ọdún 1949 tí wọn ìbá fi ya Yank àti Lachie bí wọ́n ti rí wọn. Ìyàtọ̀ agbára ni, ó sì tóbi ju ìyàtọ̀ inú rere tàbí inú burúkú lọ. Inú rere pọ̀ nínú "The Hasty Heart". Ó fi adúláwọ̀ sí wọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú aláwọ̀ funfun, ó sì fi kókó eré náà lé e lọ́wọ́, ní àkókò tí òfin ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun ní apá gúúsù Amẹ́ríkà. Inú rere náà ni ó mú kí àṣìṣe rẹ̀ nira láti rí. Ẹni tí ó bá bú ni, ènìyàn mọ̀ pé ó bú òun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó yin àìmọ̀ ẹni, ènìyàn lè dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò yẹ kí olùkọ́ kan ní Òmù-Àrán tàbí ní Èsìẹ́ fi eré yìí pamọ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí ó jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n sunkún bí ẹkún bá gbọ̀n wọ́n. Ọkàn tí kò lè sunkún fún Lachie kò ní lè sunkún fún Blossom. Lẹ́yìn náà ni kí ó ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú ìwé, kí wọ́n kọ ohun tí Blossom ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ bí ó ti ń na ìlẹ̀kẹ̀, ní èdè Ìgbómìnà tí wọ́n ń sọ ní ilé. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ "mi ò jẹ". Ẹnu ẹni náà ni a fi ń sọ ohun tí a mọ̀.

Lẹ́yìn èyí kí ó kó wọn lọ sí ilé ère ní Èsìẹ́, kí wọ́n dúró ní iwájú àwọn olùdákẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọ ohun tí Blossom mọ̀, wọn kò ní wo àwọn ère náà bí ẹni tí ń wo òkúta. Wọn yóò béèrè, ohun tí kò sí ẹni tí ó ṣe ní wọ́ọ̀dù yẹn ní Bọ́mà.